Fóònù àti Ìyá Aládìrẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èyí síta. Láti Iléyá tí ọmọ mi ti ra fóònù fún mi, kò sóhun tí n kì í yà, títí kan ewúrẹ́ àdúgbò. Lọ́jọ́ tá a gun Òkè Olúmọ l'Ábẹ́òkúta, ọ̀sán gangan ni. Ìyàwó mi kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Ojú ọ̀run funfun báláú nínú àwòrán, ojú tirẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọmọ-ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó fi etí aṣọ nu epo àkàrà kúrò lójú kámẹ́rà, ó ní: "Bàbá àgbà, ẹ̀yin lẹ ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn." Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà nísàlẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná!

Ti Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta, ló bí mi nínú. Ọmọkùnrin kan na fóònù sí ìyá aládìrẹ lójú láì kí i. Ìyá fi ìborùn bojú. Èmi kí i, mo ra ìró kan, mo tọrọ àyè. Ó kọ́kọ́ tún gèlè rẹ̀ wé. Àwòrán yẹn ló wà lójú fóònù mi báyìí. Ìyàwó mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Èmi ni,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn.