Ẹsẹ̀ Ni Kí O Máa Wò, Àkànní

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àkànní, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé o ń rí oúnjẹ gidi jẹ níbẹ̀ l'Óṣogbo? Àbúrò rẹ ní kí n kí ọ. Nígbà tí o pè mí lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jẹ́ ká sọ̀rọ̀ dé ibi tó yẹ ká sọ ọ́ dé, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. O ní wọ́n ti fi ọ́ ṣe kóòṣì ọ̀kọ̀ jíjù, pé ọmọ 16 ni wọ́n kó fún ọ, pé ọ̀kọ̀ mẹ́ta péré ló wà ní sítọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti tẹ̀. O wá bi mí pé, "Màmá, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi nínú ju iṣẹ́ tí o rí lọ. Ọdún 27 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀kọ̀ jíjù. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Ojú rẹ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá ju ọ̀kọ̀, gbogbo ènìyàn ló máa ń gbójú sókè tẹ̀ lé e. Àwọn òbí ń wò ó, àwọn tíṣà ń wò ó, ọmọ tó jù ú náà ń wò ó. Ìwọ má wò ó. Bí ọ̀kọ̀ bá ti kúrò lọ́wọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Ẹsẹ̀ ni kí o máa wò. Bí ọmọ bá ń fi ọ̀tún jù, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó gbé síwájú kẹ́yìn ni kí o tẹjú mọ́. Gìgísẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀, orókún kò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Kí ẹsẹ̀ yẹn dúró gbagidi bí òpó. O mọ bó ṣe máa ń rí bí ọlọ́kadà bá ṣàdédé tẹ bíréèkì: ọ̀kadà á dúró, ara ẹni tó gbé sẹ́yìn á ta síwájú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Eré tí ọmọ náà sá bọ̀ ni ẹsẹ̀ òsì máa ń dá dúró lójijì. Agbára eré náà á wá gba ìbàdí gòkè, á dé àyà, á dé èjìká, á dé ìgúnpá, ìka ọwọ́ ni yóò gbà jáde. Bí orókún bá rọ̀ pẹ́nrẹ́n, agbára ti dà sílẹ̀ nìyẹn, apá lásán ló kù tí ọmọ ń fi jù. Apá lásán kò gbé ọ̀kọ̀ dé ibi kankan, apá ọ̀hún gan-an ló sì máa kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ ni kí o dúró sí, ní ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń fi ọ̀tún jù, kí o sún sẹ́yìn dáadáa, kí o lè rí bí àyà rẹ̀ ṣe ń yí. Bó bá jù ú nígbà mẹ́ta, bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí o wò ó bóyá ọ̀kọ̀ tó gbé lọ́wọ́ dọ́gba pẹ̀lú ojú ọ̀nà tó ń sá. Ti bí wọ́n ṣe ń dì í mú, má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú. Àwọn kan ń fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e dì í, àwọn kan fẹ́ràn ìka àárín, àwọn mìíràn ń kì í bọ àárín ìka méjì. Èyí tó bá rọ ọmọ lọ́rùn ni kó mú.

Àṣìṣe tí o máa bá lọ́wọ́ gbogbo wọn ni kí wọ́n máa ju ọ̀kọ̀ sí ojú ọ̀run. Wọ́n rò pé bó bá ṣe ga tó ni yóò ṣe jìnnà tó. Ọ̀kọ̀ ayé àtijọ́ lè gba irú rẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1984, Uwe Hohn, ọmọ Jámánì Ìlà-Oòrùn, ju ọ̀kọ̀ dé 104.80 mítà ní Berlin, pápá fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀kọ̀ ìgbà náà máa ń balẹ̀ pẹrẹsẹ, àwọn adájọ́ á sì máa jiyàn bóyá ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ní 1986, wọ́n sún ibi tí ọ̀kọ̀ àwọn ọkùnrin ti wúwo jù síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 4, kí orí rẹ̀ lè tètè wálẹ̀. Láti ìgbà náà, 98.48 mítà tí Jan Železný jù ní Jena ní 1996 ni kò sí ẹni tó tíì kọjá. Nítorí náà, sọ fún àwọn ọmọ rẹ kí wọ́n má wo ìkuukùu. Orí igi tó wà ní ìpẹ̀kun pápá ni kí wọ́n wò, kí agbára gba inú ọ̀kọ̀ lọ tààrà láti ìdí dé ẹnu. Èyí tí a jù dáadáa kì í mì. Èyí tí a jù bàjẹ́, ìdí rẹ̀ á máa jù fìrìfìrì bí ìrù ajá. Ibi tí o bá gbójú sókè díẹ̀ nìyẹn, kí o wo ìdí ọ̀kọ̀, kí o tún yára dá ojú padà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgúnpá ni mo fẹ́ kí o jókòó kà. Ìgúnpá gbọ́dọ̀ ga, kó gba ẹ̀gbẹ́ etí kọjá. Bó bá ti wálẹ̀ ju èjìká lọ, iṣan tó so egungun pọ̀ ní inú ìgúnpá ni yóò máa fà, bó bá sì fà títí, á já. Ọmọkùnrin kan wà lọ́wọ́ mi nígbà kan, ọmọ ọdún 16, ó ga, apá rẹ̀ rọ̀ bí okùn. Ìdíje ìpínlẹ̀ ku ọ̀la, ó wá bá mi, ó ní, "Mà, inú ìgúnpá ń ta mí." Mo fi bámù pa á fún un, mo dì í ní báńdéèjì, mo ní kó lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì, ó jù ú nígbà mẹ́fà. Ní ìkẹrin, mo rí i tó dijú kó tó sáré. Mo rí i, Àkànní, mo sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ṣe ipò kejì, wọ́n fi mẹ́dàlì kọ́ ọ lọ́rùn, kò sì ju ọ̀kọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo lọ ra iṣu ní ọjà Bódìjà. Ọkùnrin tó ń tà á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní, "Kóòṣì mi!" Ó ṣa iṣu fún mi, ó sì fi ọwọ́ òsì nà án sí mi. Bó ṣe rí ojú mi, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, ẹ má rò pé àrífín ni. Ọ̀tún yìí kì í nà tán mọ́." Kò dá mi lẹ́bi. Ó tún fi iṣu kan sí i fún mi ní èènì. Mo gbé iṣu yẹn délé, n kò lè sè é. Bàbá rẹ bi mí pé kí ló dé, n kò sọ fún un. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

Nítorí náà, ra ìwé kékeré kan, kí o máa ka iye ìgbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ju ọ̀kọ̀ lóòjọ́. Èmi kì í jẹ́ kí ọmọ ọdún 14 kọjá 25, kò sì gbọdọ̀ fi gbogbo agbára jù ú ju ọjọ́ méjì lọ lọ́sẹ̀. Ọjọ́ tó kù, ẹ sáré, ẹ fò, ẹ rọ yanrìn sínú bọ́ọ̀lù àlòkù, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì jù ú láti ẹ̀yìn orí. Wo ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀kọ̀ kí o tó fún ọmọ. Gíráàmù 800 ni ti ọkùnrin, 600 ni ti obìnrin. Àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 18 ń lo 700, àwọn ọmọbìnrin ń lo 500. Bí ọmọ bá ní inú ìgúnpá ń ta òun, ọjọ́ ti parí fún un nìyẹn, ìdíje ìbáà kù dẹ̀dẹ̀. Àwọn mìíràn kò sì ní sọ, nítorí wọ́n fẹ́ jù. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Neeraj Chopra ọmọ Íńdíà, ìgúnpá rẹ̀ ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní 2019. Kò lọ sí ìdíje àgbáyé ọdún náà, wọ́n ní sùúrù fún un, ní oṣù kẹjọ 2021 ó ju 87.58 mítà, ó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Tokyo.

Wo àwọn tó kọ́ Chopra náà. Hohn tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti jẹ́ kóòṣì rẹ̀ rí, Železný náà wá di kóòṣì rẹ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Tokyo ni Klaus Bartonietz, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ bí eegun àti iṣan ṣe ń ṣiṣẹ́. O sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà ọ́ nítorí pé ìwọ fúnra rẹ kò ju ọ̀kọ̀ kọjá 52 mítà rí. Jẹ́ kí ẹ̀rù yẹn lọ. Àwọn ọmọ yẹn kò ní kí o wá bá àwọn jù ú.

O tún dárúkọ Julius Yego, pé orí YouTube ló ti kọ́ ọ ní Kẹ́ńyà. Òótọ́ ni, igi tó gbẹ́ fúnra rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ju 92.72 mítà ní Beijing ní 2015, ó di ọ̀gá àgbáyé. Mo fẹ́ràn ọmọ náà gan-an. Ṣùgbọ́n kó tó dé ibẹ̀, ó lọ sí Kuortane ní Finland, lọ́dọ̀ kóòṣì tó lè wò ó. Fídíò á fi ara ẹlòmíràn hàn ọ́, kò lè rí tìrẹ. Ya àwọn ọmọ rẹ ní fídíò lórí fóònù, kí o bi wọ́n kó tó di pé o sọ̀rọ̀: "Kí ni ẹsẹ̀ rẹ ṣe?" Wọ́n á sọ ọ́ fúnra wọn. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí o tún ṣe fún wọn lóòjọ́. Bí o bá sọ mẹ́ta, wọn ò ní gbé ọ̀kan dání lọ sílé.

Ọmọbìnrin tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, tí o ní wọ́n fi sínú àwọn 16 náà, má fi sí ẹ̀gbẹ́ pápá kó máa wòran. Flora Ugwunwa, ọmọ Nàìjíríà, jókòó ju ọ̀kọ̀ ní Rio ní 2016, ó gba góòlù Paralympic, ó tún gbà á ní Tokyo. Fún ẹni tó jókòó, ìjókòó ni ẹsẹ̀. Bí àga bá mì, ó dà bí ìgbà tí orókún rọ̀. So àga mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, so òun náà mọ́ àga, kí o fọwọ́ mì í wò. Kí gíga ìjókòó náà má kọjá sẹ̀ǹtímítà 75, nítorí òfin ni. Lẹ́yìn náà, wo bí àyà àti èjìká rẹ̀ ṣe ń ṣíwájú apá.

Fèrè gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn rẹ ní gbogbo ìgbà. Mo mọ pápá ilé ìwé wa, ọ̀nà ni gbogbo àdúgbò fi ń ṣe. Ìyá oníṣu á gba ibẹ̀ kọjá, ewúrẹ́ á gba ibẹ̀ kọjá. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ju ọ̀kọ̀ láìgbọ́ fèrè, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lọ mú tirẹ̀ wá títí gbogbo wọn fi jù tán. Kí wọ́n rìn, kí wọ́n má sáré. Kí wọ́n gbé ọ̀kọ̀ ní òòró, ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fà á yọ, kí wọ́n kọ́kọ́ tì í dúró ṣánṣán, kí wọ́n tó fà á sókè, kí wọ́n sì wẹ̀yìn wò, nítorí ìdí rẹ̀ náà lè gún ènìyàn lójú. Èyí tó tẹ̀ ní sítọ̀ yẹn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù ú. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí yóò yà sí.

Ọ̀kọ̀ méjì kò lè tó ọmọ 16, mo mọ̀. Mo ti ní kí wọ́n bá mi gé ọparun mẹ́jọ, ó ti gbẹ dáadáa. Mo fi túùbù kẹ̀kẹ́ wé ẹnu rẹ̀, mo fi okùn wé ibi ìdìmú. Awakọ̀ kan ní Ìwó Road á gbé e wá lọ́jọ́ Ẹtì, mo ti sanwó fún un, má tún fún un ní kọ́bọ̀. Wọ̀n wọ́n kí o tó pín in. Méjì nínú wọn fúyẹ́ ju ìyókù lọ, àwọn tó kéré jù ni kí o fún.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.