Wo Ewé Kí O Tó Wo Kòkòrò

Àkàndé ọ̀rẹ́ mi,

O kú iṣẹ́, o sì kú ooru Kano. Mo rí àwòrán kòkòrò ajewé tí o fi ránṣẹ́, àmọ́ o ò ya igi tí wọ́n ń jẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni igi ló ń tú àṣírí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kúrò nídìí ẹbí igi kan. Bí o bá já ewé mìíràn fún wọn, ebi ni yóò pa wọ́n.

Èyí tó ní ìlà dúdú, funfun àti yẹ́lò, tó sì ní ohun dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwo, méjì lọ́rùn, méjì láàárín, méjì nítòsí ìdí, Danaus chrysippus ni, orúkọ sáyẹ́ǹsì labalábá tí yóò dà. Igi bọmubọmu ló ń jẹ, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní tumfafiya, tó kún ẹ̀bá títì yín. Oró inú oje igi náà ló ń kó sára tí ẹyẹ fi ń sá fún un. Bí o bá já ewé rẹ̀, má fọwọ́ kan ojú.

Ti ọsàn ló ń tan ènìyàn jù. Ní kékeré, ìgbẹ́ ẹyẹ ni wàá pè é, dúdú tó ní funfun láàárín. Bó bá dàgbà, á di àwọ̀ ewé. Fi igi tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn orí: ohun pupa rúsúrúsú ẹlẹ́ka méjì á yọ síta, òórùn rẹ̀ á sì gba imú rẹ. Papilio demodocus nìyẹn. Ó ń jẹ ọsàn wẹ́wẹ́ àti igi àtá pẹ̀lú, torí ẹbí kan náà ni wọ́n.

Lórí àgbàdo, ewé nìkan ò tó, nítorí Spodoptera frugiperda, kòkòrò tó ń ba àgbàdo jẹ́, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà lọ́dún 2016, ń jẹ oríṣiríṣi nǹkan. Wo àmì Y tó dorí kodò níwájú orí rẹ̀, àti àmì dúdú mẹ́rin onígun mẹ́rin nítòsí ìdí.

Bí o bá fẹ́ sìn wọ́n, ki ẹ̀ka sínú ìgò omi kékeré, kí o fi òwú dí ẹnu rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á kó sómi. Aṣọ àwọ̀n ni kí o fi bò ó. Nínú ike tó dé pinpin, ewé á bu, kòkòrò á sì rà. Máa gbá ìgbẹ́ wọn dànù lójoojúmọ́. Èyí tí ohun funfun wínníwínní bí hóró ìrẹsì bá lẹ̀ mọ́ lára, agbọ́n kékeré ti yé sí i nínú. Kò ní di labalábá mọ́.

Tún àwòrán náà yà fún mi: orí, ẹ̀gbẹ́ àti ìdí kòkòrò, ojú àti ẹ̀yìn ewé, àti òdòdó igi náà bó bá ní.

Èmi ni tìrẹ,
Àjàní