Alhájà ní kí n kọ orúkọ ẹni méjì wá

Gáà Àkànbí,
Ìlọrin.
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Múínátù mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o sùn lóru? Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́, níbi tí yìnyín ti bo ọkọ̀ yín mọ́lẹ̀. Mo fi han ìyá mi, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, kí o má sì jẹ́ kí ọmọ náà jáde láìdé fìlà. Ọyẹ́ ti dé síbí náà. Ètè gbogbo wa ti bó, eruku sì ti bo Òkè Sóbì débi pé èèyàn ò rí i mọ́ láàárọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fẹ́ pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí tí mo tún gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ẹkún sì lè gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Alhájà ní kí n kọ orúkọ ẹni méjì wá kí oṣù yìí tó parí. Ẹni méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ búrẹ́dì wọn, tí wọn yóò ní kó máa lọ sílé.

Èmi ni kí n kọ ọ́ o, nítorí pé èmi ni máníjà.

Mi ò bú Alhájà. Ìwọ náà mọ bí ìlú ṣe rí. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà ti ń wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, tí náírà náà sì já wálẹ̀ lọ́dún yẹn, kò sí ohun kan nínú búrẹ́dì tó dúró sí iye tí a mọ̀ ọ́n sí. Fúláwà, ṣúgà, yíìsì, epo ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí Ọ̀fà àti Ọmù-Àrán, gbogbo rẹ̀ ló gbówó lórí. Oníbàárà kò sì lè san ju ohun tó wà lápò rẹ̀ lọ. Alhájà jókòó, wọ́n ṣírò, wọ́n ní owó oṣù ló wúwo jù. Ibẹ̀ ni ọ̀nà èmi àtàwọn ti yà.

Nígbà tí o bá wọn sọ̀rọ̀ nítorí mi lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ìwé owó ni mo wá ń kọ. Bí ìṣirò mi bá ti dọ́gba, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, mo lè máa lọ sílé. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe máníjà lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo rò pé iṣẹ́ kan náà ni, pé ó kàn máa pọ̀ sí i díẹ̀. Ṣé o rántí Henry Mintzberg, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọ̀gá, tí wọ́n kọ́ wa ní Poly? Ará Kánádà tó o wà yìí ni. Ó tẹ̀lé ọ̀gá iléeṣẹ́ márùn-ún kiri, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀. Ó rí i pé ìdajì ohun tí wọ́n ń dáwọ́ lé ni kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ìwọ lo sọ nígbà náà pé àwọn ọ̀gá náà kò rí iṣẹ́ ṣe ni.

Wá wo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mi. Mo jókòó láti ka iye àpò fúláwà tó kù nílẹ̀. Dírẹ́bà Ọ̀fà wọlé, táyà rẹ̀ ti jò. Mo ń wá owó táyà fún un, iná lọ, wọ́n ní kí n wá wo jẹnẹrétọ̀. Mi ò tíì dé ìdí jẹnẹrétọ̀ tí obìnrin kan láti Ìpàta fi dé pẹ̀lú búrẹ́dì tó ti hu, ó ń pariwo, ó ní ọmọ ilé ìwé ni òun tà á fún. Mo bẹ̀ ẹ́, mo pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Bó ṣe ń lọ ni ọ̀bẹ gé ọmọkùnrin tó ń gé ìyẹ̀fun tí a ti pò lọ́wọ́. Oòrùn ti dé àtàrí, mi ò tíì ka àpò kan. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ni ó tó yé mi pé iṣẹ́ máníjà gan-an ni mo ti ń ṣe láti àárọ̀.

Èyí kò sì dùn mí. Mo ti ń kọ́ ọ, mo sì ń fẹ́ràn rẹ̀, ká sòótọ́. Ohun tó ń dùn mí ni fóònù Alhájà. Mo lè sọ fún ẹni tó wà nídìí ófùn pé kó dúró díẹ̀. Alhájà á pè é láti ilé, wọ́n á ní kó tètè kó o wọlé, oníbàárà àwọn kan ń bọ̀. Tiwọn ló máa gbọ́, àwọn ló ń sanwó oṣù. Bó bá dọ̀la, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí búrẹ́dì fi jóná. Henri Fayol ti sọ ọ́ láti 1916, ó wà nínú àwọn ìlànà 14 rẹ̀ nípa ìṣàkóso iṣẹ́ tí a há sórí lábẹ́ igi máńgòrò yẹn: òṣìṣẹ́ kan, ọ̀gá kan. Ẹni tí iṣẹ́ ti rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìwakùsà kan ní Faransé ní 1860. Nígbà tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá ibẹ̀ ní 1888, iléeṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá wọlé, òun ló gbé e dìde. Nígbà tí à ń há a sórí fún ìdánwò, mi ò mọ̀ pé búrẹ́dì tó jóná ló ń sọ.

Orúkọ àkọ́kọ́ tó ti wà lẹ́nu Alhájà ni Ìyá Ráímì.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Ráímì wa. Alhájà ní ẹsẹ̀ Ìyá Ráímì ti rẹ̀, wọ́n ń jókòó jù. Ẹni tó kọ́ èmi àti ìwọ bí a ṣe ń na ọwọ́ sẹ́nu ófùn láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná tó. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ àpò ṣúgà ọjọ́sí sọ́rùn ara wọn. Mi ò gbàgbé, mo sì mọ̀ pé ìwọ náà kò gbàgbé.

N kò ní purọ́ fún ọ pé ó rọrùn láti jẹ́ ọ̀gá ẹni tó kọ́ni níṣẹ́. Wọ́n ṣì ń pè mí ní “ọmọ mi” lójú gbogbo èèyàn. Ní oṣù tó kọjá, mo ní kí àwọn ọmọkùnrin kó ìyẹ̀fun wọ ófùn, ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́, dírẹ́bà ń dúró. Ìyá Ráímì ní “Ẹ dúró.” Àwọn ọmọkùnrin náà sì dúró. Inú bí mi. Mo dá Ìyá Ráímì lóhùn níbẹ̀, mo ní ta ni máníjà níbí? Gbogbo ilé dákẹ́. Wọ́n bọ́ épúrọ́ọ̀nù wọn, wọ́n so ó kọ́, wọ́n lọ kírun. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ mo lọ sí ilé wọn ní Òkèlélé, mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n fún mi ní omi, wọ́n ní: “Àníkẹ́, ìyẹ̀fun náà kò tíì wú. Ọyẹ́ ti dé, yíìsì kì í yára nínú òtútù. Òun ni mo ń sọ.”

Mo wò wọ́n. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ìgbà yẹn ni mo rántí Mary Parker Follett, obìnrin Amẹ́ríkà tó kọ̀wé nípa ìṣàkóso iṣẹ́, tí o fẹ́ràn, tí o kọ iṣẹ́ ilé gígùn lé lórí. Ó ní kì í ṣe pé kí ẹnì kan máa pàṣẹ fún ẹnì kejì, kí àwọn méjèèjì jọ wo ohun tó wà nílẹ̀, kí wọ́n jọ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìyẹ̀fun ló yẹ kó pàṣẹ fún èmi àti Ìyá Ráímì. Èmi nìkan ni kò gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ra ìwé kékeré kan. Fún ọjọ́ 14, gbogbo búrẹ́dì tó jóná, tó hu, tó padà láti ọjà, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú wákàtí àti ìdí. 186 ni. Èyí tó lé ní ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ ti Ọ̀fà àti Ọmù-Àrán, tó hu sínú náílọ̀n. Èmi pẹ̀lú Ìyá Ráímì jókòó tì í. Àwọn ló rí i: ìyẹ̀fun ń pẹ́ wú nítorí ọyẹ́, nítorí náà ó ń pẹ́ jáde nínú ófùn, dírẹ́bà sì gbọ́dọ̀ ti lọ ní aago márùn-ún, la bá ń di búrẹ́dì sí náílọ̀n ní gbígbóná. Ooru rẹ̀ á di omi nínú náílọ̀n, kí ọjọ́ méjì tó pé, ó ti hu. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó ní aago mẹ́jọ alẹ́ dípò aago mẹ́wàá, á ti tutù kí ọkọ̀ tó dé. Nínú àwọn tó jóná, èyí tó pọ̀ jù bọ́ sí ọjọ́ tí Alhájà pe ìdí ófùn. Mo ṣírò owó gbogbo rẹ̀ fún oṣù kan, ó ju owó oṣù ẹni méjì lọ dáadáa, kódà bí a bá san ₦70,000 tí ìjọba fi lélẹ̀ ní 2024 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Mo gbé ìwé náà lọ bá Alhájà. Wọ́n ṣí i, wọ́n yìn mí pé ọwọ́ mi dára, wọ́n ní kí n kọ orúkọ méjì náà sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo tún lọ ka Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa. Bó bá di pé òṣìṣẹ́ pọ̀ jù, ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ jáde, àfi bí ìmọ̀ṣẹ́ àti ìṣòótọ́ bá ní kó má rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan ló yẹ kí wọ́n fi ṣáájú sọ fún un. Ọ̀nà méjèèjì ni Ìyá Ráímì fi jàre. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀lé òfin, àwọn ọmọ kékeré méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló kàn, ọ̀kan nínú wọn sì ni ọmọ Ṣàárẹ̀ tó ń fi owó yìí san owó WAEC àbúrò rẹ̀. Ibi tí mo bá yí sí, ojú èèyàn ni mò ń wò. Mo ti jókòó ti ìwé náà lálẹ́ mẹ́ta, bírò ń bẹ lọ́wọ́ mi, mi ò kọ nǹkan kan.

Kí n tó gbàgbé: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti bí, obìnrin ni, ara wọn le; wọ́n ti kun iwájú ilé yín ní Ọ̀fà; aṣọ-òkè rẹ ti jáde lọ́wọ́ ahunṣọ, ó rẹwà, ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni mo ń wá.

Múínátù, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ rèé. Bàbá rẹ ni ẹ̀gbọ́n Alhájà, ìwọ sì ni ọmọ tí wọ́n ń fi yangàn ní gbogbo òde. Bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Má sọ pé mo sunkún. Sọ pé oṣù mẹ́ta péré ni mò ń tọrọ, kí ẹnikẹ́ni má lọ, kí a máa pò ó ní aago mẹ́jọ, kí ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ sọ fún ìdí ófùn gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Bí iye búrẹ́dì tó ń ṣòfò kò bá wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, èmi fúnra mi ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀. Bí wọn kò bá sì gbà, màá dá ipò náà padà fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, màá padà sídìí ìwé owó mi. Èyí, mo ti pinnu rẹ̀.

Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo ti sọ orúkọ Ìyá Ráímì fún ọ. Ìyá Ráímì fúnra wọn kò tíì mọ nǹkan kan. Lánàá, wọ́n tún ń kọ́ ọmọ Ṣàárẹ̀ yẹn bí wọ́n ṣe ń na ọwọ́ sẹ́nu ófùn.

Pe Alhájà ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Àárọ̀ ni yóò jẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ìgbà yẹn ni ara wọn máa ń balẹ̀, tí wọ́n máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ délẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, fi ẹnu ko ọmọ mi lẹ́nu.

Èmi ni tìrẹ,
Àníkẹ́