Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Òkú Tí A Fẹ́ràn àti Òtítọ́

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, mo kí yín ní orúkọ Olúwa wa Jésù Kristi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ẹbí kan nínú ìjọ wa mú ìwé ètò ìsìnkú bàbá wọn wá bá mi kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Àbígbẹ̀yìn olóògbé, obìnrin, ló kọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá rẹ̀, ó sì kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ìlà kan wà nínú rẹ̀ tí àbúrò olóògbé ní kí n fi bírò pa rẹ́: “A bẹ Bàbá títí kí wọ́n gbé mọ́tò náà lọ fún mẹkáníìkì, wọn kò gbọ́.” Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ìjánu mọ́tò náà ló já wọn kulẹ̀ lójú ọ̀nà. Àbúrò wọn ní a kì í kọ irú èyí sínú ìwé òkú. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. (Ẹbí náà ló yọ̀ǹda kí n mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yìí.)

Ẹni tó wá sí mi lọ́kàn lálẹ́ ọjọ́ náà ni ọkùnrin kan tí n kò bá pàdé rí, Jimmy Leeward, ará Ocala ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. Awakọ̀ òfurufú ni. Ó ti fi bàálù díje fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó máa ń wà á fún àwọn tó ń ṣe fíìmù, ó sì dá àdúgbò kan sílẹ̀ ní Ocala tí àwọn onílé ibẹ̀ ní pápá bàálù tiwọn láàárín ilé, bí àwa ṣe ní ojú títì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, ó ti di ẹni ọdún 74, ó ń díje ní pápá ọkọ̀ òfurufú Stead ní ìlú Reno, ní ìpínlẹ̀ Nevada, nínú bàálù ogun àtijọ́ kan, P-51 Mustang, tí wọ́n ń pè ní Galloping Ghost. Nínú irú ìje bẹ́ẹ̀, àwọn bàálù máa ń yí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ká, wọ́n a sì máa fò nítòsí ilẹ̀. Leeward wà ní ipò kẹta, eré rẹ̀ ju 800 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, nígbà tí bàálù náà ṣàdédé fì sí òsì, tó kọrí sókè, tó yí dànù, tó sì já sáàárín àwọn òǹwòran tó jókòó níwájú. Òun àti ènìyàn 10 mìíràn ló bá ìjàǹbá náà lọ. Àwọn tó farapa lé ní 60.

Kò pẹ́ rárá tí ìtàn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí tàn ká. Àwọn kan tó wà níbẹ̀ ní ojú àwọn ló ṣe, pé awakọ̀ náà fa bàálù sókè kó má bàa já lu ibi tí èrò pọ̀ sí, pé ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi ra ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn padà. Mo mọ ibi tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ìfẹ́ ló ń bí i. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kò fẹ́ kí ikú ẹni rẹ̀ jẹ́ ikú òfo, yóò sì wá iṣẹ́ kan fún ikú náà ṣe. Àwọn àgbà wa tilẹ̀ ti rí i tipẹ́, wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè.

Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wádìí ìjàǹbá ìrìnnà gbé àbájáde tirẹ̀ jáde ní ọdún 2012, kò sì bá ìtàn náà mu. Abala pẹlẹbẹ kékeré kan wà létí ìrù bàálù tó ń jẹ́ kí imú rẹ̀ dúró déédéé. Àwọn nọ́ọ̀tì tó yẹ kó di ṣíkúrù rẹ̀ mú ti gbó, ṣíkúrù ti ń tú, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń sán kí ọjọ́ náà tó dé. Bí eré ti le, abala náà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ó gbọ̀n títí ohun tó so ó mọ́ra fi já. Bí bàálù ti fò sókè lójijì, ìwúwo ara Leeward di ìlọ́po 17, ó sì lé díẹ̀. Ara ènìyàn kò lè gba èyí. Ó ti dákú lọ́gán. Kò fa bàálù sí ibì kankan. Àjọ náà tún sọ ohun tó ṣòro gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, pé wọ́n ti ṣe àyípadà ńlá sára bàálù náà nítorí eré, tí wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀ bó ti yẹ, tí wọn kò sì fò ó wò tó kí wọ́n tó gbé e wá síbi ìje.

Mẹkáníìkì kan ló jẹ́ kí n mọ ohun tí nọ́ọ̀tì lè ṣe. Ó tú ọ̀kan lára ẹsẹ̀ mọ́tò mi, irú èyí tó ní ike róbótó nínú, ó gbé e padà sórí ṣíkúrù, ó sì fi ìka kan ṣoṣo ta á. Ó ń yí bí òkòtó. Ó ní, “Dádì, ike inú rẹ̀ ló ń di ṣíkúrù mú. Bí ọwọ́ lásán bá ti lè yí i, òkú ni.” Ó jù ú sínú agolo, ó ní ká ra tuntun. Ẹ dárí jì mí, èrò mi ni pé owó ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí Sọ́ọ̀lù kú lórí òkè Gílíbóà, Dáfídì kọrin arò fún un, “Báwo ni àwọn alágbára ti ṣubú!” Kò mẹ́nu kan ọ̀kọ̀ tí Sọ́ọ̀lù jù láti fi gún un mọ́ ògiri. Ibẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ fi aṣọ bo òkú wọn máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n ìwé Sámúẹ́lì tó pa orin arò náà mọ́ fún wa ni ó pa ọ̀kọ̀ náà mọ́, ẹni tó kọ ọ́ kò sì rò pé ọ̀kan nínú wọn ń ba èkejì jẹ́.

Àwọn 10 tó kú pẹ̀lú Leeward ńkọ́? Wọn kò wa nǹkan kan, wọ́n kàn jókòó ni. Ẹni tó bá sọ fún ìdílé ọ̀kan nínú wọn pé awakọ̀ náà yẹra fún èrò, ohun tó ń sọ fún wọn ni pé ènìyàn wọn kò sí lára èrò. Nínú Lúùkù orí 13, Jésù dárúkọ àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Síloámù wó pa, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ló pọ̀ ju ti àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Ní pápá Stead yìí kan náà, ní ọdún 1998, irú abala bẹ́ẹ̀ já lára bàálù Bob Hannah. Òun náà dákú, bàálù sì gbé e lọ sókè fíofío. Nígbà tó jí, ó wà á balẹ̀ ní àlàáfíà. Kí ló dé tí ọ̀kan jí, tí èkejì kò jí? N kò ní èsì, n kò sì ní ṣe bí ẹni tó ní in.

Nítorí pé àwọn olùwádìí sọ ọ́ bó ti rí, àbá wọn lórí àyẹ̀wò bàálù ìje àti lórí ààbò àwọn òǹwòran ti jáde kí ìje tó tún wáyé ní Reno ní ọdún 2012. Diutarónómì orí 22 sọ fún ẹni tó ń kọ́ ilé kó mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa já bọ́ níbẹ̀. Ẹni tí a bá fi ìdí tí èyí àkọ́kọ́ fi já bọ́ pa mọ́ fún, níbo ni yóò mọ ìgbátí sí?

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo dá ìwé náà padà fún ọmọbìnrin yẹn lójú àbúrò bàbá rẹ̀. N kò pa ìlà kankan rẹ́. Mo ní kó fi ọ̀kan kún un, nípa orin tí bàbá rẹ̀ máa ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń wa mọ́tò náà gbé e lọ sílé ìwé. Àbúrò bàbá rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Orin méjì ni.” Wọ́n jókòó, wọ́n sì dárúkọ èkejì.