Lẹ́tà sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Pattis

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi,

Ẹ ò mọ̀ mí, n kò sì jókòó ní kíláàsì yín rí. Rọ́bọ́ọ̀tì yín, èyí tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà bí a bá ti kọ àṣẹ fún un, ló kọ́ mi: Karel, tí ẹ fi sọrí Karel Čapek, òǹkọ̀wé ará Czech tí eré rẹ̀ ti ọdún 1920 mú ọ̀rọ̀ “robot” wọ ẹnu aráyé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí mo sì pa á tì. Láti ojú ewé kìíní ni wọ́n ti ń da òfin àti àmì bo èèyàn mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé tí ẹ gbé jáde ní 1981, àṣẹ márùn-ún péré ni wọ́n bí mọ́ Karel: kó tẹ̀ síwájú, kó yí sósì, kó mú bípà (àmì kékeré tó wà nílẹ̀ nínú ayé rẹ̀), kó gbé bípà sílẹ̀, kó pa iná ara rẹ̀.

Kò mọ ọ̀tún. Tìtorí èyí ni mo ṣe ń kọ̀wé. Nígbà tí Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ṣí Code in Place, ẹ̀kọ́ kóòdù ọ̀fẹ́ lórí ayélujára, fún gbogbo ayé ní 2020, tí wọ́n sì fi Karel ṣíde, èmi náà wà níbẹ̀, inú sì bí mi. Mo rò pé wọ́n gbàgbé ọ̀tún ni. Mo dìde, mo yí sósì, mo tún yí, mo tún yí, ni mo bá rí i pé ọ̀tún ni mo kọjú sí! Mo kó òsì mẹ́ta jọ, mo sọ wọ́n lórúkọ, Karel sì mọ ọ̀tún láti ọjọ́ náà. Èmi ni mo fi kún èdè rẹ̀. Títí dòní, bí mo bá ń kọ kóòdù, ohun tí mò ń ṣe náà nìyẹn.

Bípà tó kẹ́yìn ló wá fún mi lálẹ́ méjì. Mo ní kó máa gbé bípà sílẹ̀, kó sì máa tẹ̀ síwájú, níwọ̀n ìgbà tí ògiri ò bá sí níwájú rẹ̀. Gbogbo ìlà kún, àfi igun ìparí. Mo bínú sí Karel, kò sì jẹ̀bi: nígbà tó débẹ̀, ògiri ti dé, àṣẹ mi sì ti tán. Ohun tí mo sọ ló ṣe, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn mi. Kò sí olùkọ́ tó fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ là mí lójú rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ̀yin fúnra yín ṣì jẹ́ ní Stanford nígbà tí ẹ ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni.

Lánàá, àbúrò mi bi mí bí Karel ṣe máa ń yà sọ́tùn-ún. Mo ní kó dìde dúró ná.