Èmi ni mo ta púùlù náà, kì í ṣe ọpọlọ mi

Àkànní ọmọ mi,

A kí ọ láti ilé. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Òjò wó ògiri aládùúgbò wa, tiwa ṣì dúró. Wọ́n ti mú iná wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì ti mú un lọ. Kì í ṣe nítorí ìwọ̀nyí ni mo ṣe jókòó kọ̀wé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ wá sílé lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní o yá owó lọ́wọ́ òun, o tún fẹ́ yá sí i, o sì ní kí òun má sọ fún mi. Mo bi í pé kí lo fẹ́ fi owó ṣe, ó ní òun kò mọ̀. Mo tún bi í, ó dákẹ́. N kò fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ yẹn rárá. Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ń fi fóònù ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù láti orí ibùsùn, mo ń rí wọn ládùúgbò. N kò ní o wà lára wọn o. Ohun tí ojú mi ń rí ni mo sọ.

Nígbà tó bá ọ wí, o ní kó dákun má bínú sí mi mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ àtijọ́, pé kì í ṣe ẹ̀bi Bàbá: ọpọlọ èèyàn ti máa ń pinnu kí èèyàn tó mọ̀, sáyẹ́ǹsì ti fi hàn, ọ̀rọ̀ bùṣe. O fi àwọn ìwé ránṣẹ́ sí i. Mo ní kó tẹ̀ wọ́n sórí bébà fún mi. Ẹni tó fi bàyọ́lọ́jì jẹun títí tó fi fẹ̀yìn tì kì í sá fún ìwé.

Mo ka ti Benjamin Libet, onímọ̀ nípa ọpọlọ, èyí tí wọ́n ṣe ní San Francisco, tó jáde ní 1983. Mo gbádùn rẹ̀, n kò ní purọ́. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ àwọn èèyàn lórí, wọ́n ní kí wọ́n mi ọwọ́ nígbà tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì máa wo àmì kan tó ń yí lójú aago, tó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 2.56 yí po lẹ́ẹ̀kan. Oníkálukú á wá sọ ibi tí àmì náà wà nígbà tó kọ́kọ́ ṣe é bíi kó mi ọwọ́. Ọpọlọ ti ń múra ní nǹkan bí 550 mílísẹ́kọ́ńdì kí ọwọ́ tó mì (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan). Ìgbà tó ku nǹkan bí 200 kí ọwọ́ mì ni olúwa rẹ̀ tó mọ̀ pé ó wu òun. Ọpọlọ ti fi bí 350 ṣáájú olówó rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe rí, torí o kéré nígbà náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá yín gbé owó fọ́ọ̀mù WAEC ẹ̀gbọ́n rẹ lé mi lọ́wọ́. Owó gàrí ni, náírà kéékèèké tó ti rọ̀ bí aṣọ, ìyẹ̀fun gàrí ṣì wà lára òmíràn. Mo kó o sínú àpòòwé, mo ti àpòòwé bọ inú Bíbélì. Lọ́jọ́rú mo ṣí i wò. Lọ́jọ́bọ̀ mo ti ń fi báírò to ọmì sórí kúpọ́ọ̀nù púùlù, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù orí bébà tí à ń ta nígbà náà. Wọn kò gbá bọ́ọ̀lù ní Ìlú Ọba lásìkò náà, ti Australia là ń ta, àwọn kílọ́ọ̀bù tí n kò mọ orí wọn yàtọ̀ sí ìdí. Lọ́jọ́ Ẹtì mo bú ara mi, mo dá owó padà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo dúró níwájú káńtà. Ọmọkùnrin tó ń gba kúpọ́ọ̀nù ní, “Tísà, ṣé ẹ ń ta á àbí ẹ ò ta á?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí owó yẹn wà fún. Mo kà á lé e lọ́wọ́.

Láti Ìṣẹ́gun dé Àbámẹ́ta, Àkànní! Aago Libet wo ni yóò wọn ìyẹn?

Ṣé o ń jẹun dáadáa? Ẹ̀gbọ́n rẹ ní o rù nínú fọ́tò. Bí òtútù bá pọ̀, ra bàtà tó nípọn, má fi bàtà kánfáàsì rin inú yìnyín bí ẹni tí kò ní òbí.

Èyí tí wọ́n ṣe ní Leipzig, ní Jámánì tí o wà níbẹ̀ yẹn, tí John-Dylan Haynes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2008, ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Bọ́tìnnì méjì, ọ̀tún àbí òsì. Wọ́n ń wo ọpọlọ nínú ẹ̀rọ, wọ́n sì ń sọ èyí tí ẹni náà máa tẹ̀ ní bí ìṣẹ́jú-àáyá 7 sí 10 ṣáájú. Mo wá rí i pé nǹkan bí 60 nínú 100 ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá dijú mú á gba 50. Èmi tí mo ta púùlù rí mọ̀ pé 60 kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ, ẹni tó bá ní in á kọ́lé. Àmọ́ ta ló ń fi 60 búra pé òun ti mọ inú ẹlòmíràn?

O kò sì fi gbogbo ìwé ránṣẹ́. Kí ló dé? Libet fúnra rẹ̀ kò sọ pé kò sí yíyàn. Ó ní àyè ṣì wà, ní ìgbà kúkúrú tó kù yẹn, láti sọ pé rárá. Aaron Schurger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2012 sọ pé ohun tí à ń pè ní ìmúra yẹn lè má ju ìròkè-rodò ọpọlọ lásán lọ. Ní 2019, Uri Maoz, Liad Mudrik àti àwọn mìíràn ní kí àwọn èèyàn yan ẹgbẹ́ aláàánú tó lè gba 1,000 dọ́là. Níbi tí yíyàn kò ti yí nǹkan kan padà, wọ́n rí ìmúra Libet. Níbi tí ó ti kan owó gidi, wọn kò rí i. Owó gidi ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ.

N kò bá sáyẹ́ǹsì jà. Àwọn oògùn kan wà fún àrùn Parkinson, bíi pramipexole, tó ti sọ àwọn tí kò ta tẹ́tẹ́ rí di atatẹ́tẹ́. Bí dókítà bá dín in kù tàbí tó dá a dúró, ọ̀pọ̀ wọn á jáwọ́. Ìyẹn, mo gbà, oògùn ló tì wọ́n. Ṣùgbọ́n dókítà rí i nítorí pé ó mọ ẹni tí nǹkan ń tì yàtọ̀ sí ẹni tí kò sí ohun tó tì í. Bí o bá ní ọpọlọ ló ń ti gbogbo wa bákan náà, ta ni dókítà fẹ́ wò? Èmi kò lo oògùn kankan.

Bàbá mi náà tù mí nínú nígbà yẹn. Ó ní orí mi ni, àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá, orí tó ti sán ni mo gbé nílé Àjàlá. Inú mi dùn gan-an. Mo fi gbólóhùn yẹn ta púùlù fún odindi ọdún kan sí i. Ìdí nìyẹn tí ara mi fi bù máṣọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ tìrẹ fún mi. Ẹni tó bá ti gbà pé wọ́n ti bá òun pinnu, kí ló fẹ́ dá a dúró níwájú káńtà? Fóònù kò tilẹ̀ ní káńtà.

O rò pé o dárí jì mí. O ṣeun, ọmọ rere ni ọ́. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe èmi ni mo ná owó yẹn, kì í ṣe èmi náà ni mo jáwọ́, n kò sì ní gbà fún ẹnikẹ́ni kó gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò ṣe ìdánwò lọ́dún náà. Ó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Owó aṣọ tó fi òru rán lo yá yẹn. Mo ti ra ẹ̀rọ fún un, mo ti sanwó ṣọ́ọ̀bù fún un. N kò tíì jókòó tì í kí n ní mo jẹ̀bi rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ó ń wò mí lójú bí ó ti ń sọ ohun tí o wí, bí ẹni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá n máa gbà á. Mo ní kó lọ bu oúnjẹ.

Má yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Iye tí o bá jẹ, àti ẹni tí o jẹ ẹ́ sí, sọ ọ́ fún mi, a ó jọ wá ibi tí a ó gbé e gbà. Ṣé o ń ta tẹ́tẹ́, Àkànní? Mo ti bi ọ́ báyìí. Gbé fóònù bí mo bá pè. Ìyá rẹ kò mọ̀ pé mo kọ̀wé yìí. Bó bá jẹ́ òun ló gbé e nígbà tí o bá pè, sọ pé èmi lo ń wá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.