Ìkéde: Ẹ Wá Ran Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú ẹgbẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó pàdé lórí Zoom nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìparí ní yunifásítì Ifẹ̀ tó ń wá iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn lórí òwò, irú bíi McKinsey àti BCG tó ní ọ́fíìsì ní Èkó.

Ìwé kọ́ ni ìṣòro wọn. Ìbéèrè tí wọ́n ń pè ní "case", ìyẹn ìṣòro òwò kan tí wọ́n máa ń ní kí ẹni tó ń wá iṣẹ́ yanjú níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ló ń dà wọ́n láàmú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi ọmọ kan pé: "Ìyá kan ń ṣe búrẹ́dì tà. Ọjà ń yá, àmọ́ èrè ń dín kù. Kí ló fà á?" Kíá ló ní kí ìyá náà fowó lé búrẹ́dì. Kò béèrè iye tí fúláwà dà, kò béèrè owó epo jẹnẹrétọ̀, kò béèrè bóyá búrẹ́dì kékeré tí èrè rẹ̀ kò tó nǹkan ló ń tà jù. Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà já fáfá o! Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ ya owó tó ń wọlé sọ́tọ̀ sí èyí tó ń jáde, kó sì máa sọ èrò rẹ̀ síta bó ṣe ń rò ó. Ó dùn mí gan-an.

A nílò ẹni méjìlá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn yóò jókòó ti ọmọ kan fún ogójì ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìdáhùn fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe ìṣirò lórí ìwé.

Kí orúkọ yín dé ọ̀dọ̀ mi kó tó di alẹ́ Tọ́sìdeè.

Akọ̀wé ẹgbẹ́